Garawa Asẹ́ àti Ìkòkò Aró Ìyá Mi

Nígbà tí mo kúrò ní Kúdẹtì, ọwọ́ mi dúdú títí dé ìgúnpá. Aró ni. Iṣẹ́ ìyá mi ni aró rírẹ, iṣẹ́ ìyá tó bí i náà sì ni, láti kékeré ni n kò ti mọ ọwọ́ ara mi ní àwọ̀ mìíràn. Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó ń wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ní London, obìnrin tó jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jáde rí èékánná mi, ó dìde, ó lọ dúró lẹ́bàá ìlẹ̀kùn. Bóyá ó rò pé àrùn ni, bóyá ó rò pé ìdọ̀tí ni, n kò mọ̀. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìborùn mi, mo sì ń wo ìta títí mo fi sọ̀kalẹ̀.

Aró náà ṣí díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa tún ilé onílé ṣe, ọṣẹ òyìnbó sì lágbára. Èékánná ló kẹ́yìn. Bó ṣe ń hù ni mò ń gé e, títí di ọjọ́ tí mo gé èyí tó dúdú kẹ́yìn sórí ìwé ìròyìn. Mo jókòó tì í, mo sunkún bí ẹni tó ṣòfò.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bá mi jà, bí àwọn tó ti lọ rí ṣe máa ń sọ. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ilé tí mo gba yàrá sí, èèyàn kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Lọ́jọ́ tí mo kó wọ ibẹ̀, mo tẹ ẹnu ọ̀nà, mo ní, “Ẹ kúulé o!” Ìlẹ̀kùn kan ṣí díẹ̀, ojú kan yọ, ó wò mí láti orí délẹ̀, ìlẹ̀kùn padà tì. Ní Kúdẹtì, bí o bá wọlé tí o kò kí ará ilé, wọ́n á bi ọ́ bóyá olè ni ọ́. Níbí, bí o bá kí wọn ni wọ́n ń rò pé olè ni ọ́. Mo kọ́gbọ́n, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ẹni tó bá dé ìlú adẹ́tẹ̀ á di ìkùùkù, àwọn àgbà kúkú ti wí i.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ ni òjò. Kì í ṣe òjò London, tó máa ń ṣe wíníwíní láti àárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Òjò Ìbàdàn ni. Ilé wa wà létí odò Kúdẹtì, ilé alámọ̀, ọgbà aró ìyá mi sì sọ̀kalẹ̀ dé etí omi gan-an, torí aláró kì í jìnnà sómi. Kò sí ọdún kan tí odò náà kì í gun àkàsọ̀ wa. Ọdún kan, ó wọlé gbé ẹní lórí ibùsùn. Ọdún mìíràn, ó mú ògiri ilé ìdáná lọ pẹ̀lú ààrò. Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Rábíà, ní yàrá kan lókè Màpó tó ṣófo, níbi tí odò kankan kò lè dé láéláé. Kí ìyá mi gòkè lọ máa gbé ibẹ̀ kí òjò ńlá kan tó gbé e lọ, ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé nìyẹn. Ohun tí kò sì fẹ́ gbọ́ nìyẹn.

Bàbá arúgbó kan wà lára àwọn tí mò ń bá túnlé ṣe. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n nítorí àìsàn oríkèé. Èmi sọ ọ́ ní Bàbá Ẹlẹ́ja, torí gbogbo ògiri kan ní pálọ̀ rẹ̀ ni àpótí gíláàsì tó kún fómi, ẹja sì ń rìn nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹja nínú odò, mo ti rí i nínú ọbẹ̀, n kò tíì rí i bó ti ń gbé pálọ̀ bí àlejò pàtàkì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rí ẹja onírùngbọ̀n kan tó dojú dé, ikùn rẹ̀ ń wo òkè. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo mú àwọ̀n kékeré, mo gbé e jáde, mo sì ń mú un lọ síbi ìdalẹ̀sí, àfi bí ẹja ṣe ta pọ́ún lọ́wọ́ mi.

“Dá a padà!” Bàbá Ẹlẹ́ja pariwo. “Bó ṣe máa ń lúwẹ̀ẹ́ nìyẹn!”

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní kí n wá wò wọ́n dáadáa. Ó ní ìyẹn, àtàwọn kéékèèké tí ikùn wọn pọ́n bí ẹni lé osùn, odò Nàìjíríà ni wọ́n ti mú wọn wá. Mo fi ojú sún mọ́ gíláàsì. Ọ̀kan wá, ó fi ojú tirẹ̀ sún mọ́ tèmi. Láti ọjọ́ yẹn, nígbàkígbà tí mo bá fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn ilé náà, mo máa ń sọ ọ́ sókè pé, “Ẹ kúulé o.” Àwọn ẹja ni mò ń kí. Wọn kì í dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wá sójú gíláàsì, ìyẹn sì ju ohun tí àwọn ará ilé mi ń ṣe lọ.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àpótí náà ni garawa asẹ́ wà, dúdú, oníderí, ó ga dé orókún mi. Rọ́bà kan ń gbé omi sọ̀kalẹ̀ láti inú àpótí wá sínú garawa. Omi náà á gba inú fóòmù kọjá, á gba inú òrùka amọ̀ kéékèèké kọjá, á gba inú òwú kọjá, ẹ̀rọ tó wà lórí ìdérí á sì tì í padà sókè. Tọ̀sán-tòru ni ó ń kùn, torí iná wọn kì í lọ. Bàbá Ẹlẹ́ja ní ọwọ́ òun kò lè ṣí ìdérí náà mọ́, kí n máa bá òun fọ̀ ọ́.

Ó ní kí n fọ̀ ọ́, mo sì fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo ṣí i, òórùn tó jáde mú mi mì. Òórùn ẹrẹ̀ Kúdẹtì ni, lẹ́yìn tí odò bá ti fà. Fóòmù náà ń yọ̀, ó dúdú, ó ń kán tó-tó. Ọmọ mùsùlùmí ni mí, ẹni tí wọ́n fi ìmọ́tótó tọ́ dàgbà. Mo gbé gbogbo rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ omi gbígbóná, mo fi ọṣẹ bó o, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha àwọn òrùka ọ̀hún títí wọ́n fi funfun bí eyín. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, àwọn ẹja wà lójú omi, wọ́n ń la ẹnu wá èémí. Díẹ̀ ti kú. Àwọn yòókù ń kú lọ.

Bàbá Ẹlẹ́ja kò bínú sí mi, èmi ni mo bínú sí i. Mo ní, “Ẹ ò sọ fún mi, sà. Ẹ ní kí n fọ̀ ọ́ ni.” Ó jókòó sórí àga, ó ń wo àwọn òkú ẹja. Ó ní nínú ìdọ̀tí yẹn ni àwọn ohun abẹ̀mí kan ń gbé tí ojú kò lè rí. Àwọn ló ń jẹ májèlé inú ìtọ̀ ẹja. Garawa kọ́ ló ń tún omi ṣe, àwọn ni. Omi inú àpótí ẹja gan-an ni èèyàn fi ń ṣan fóòmù, a ó rọra fún un lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó tó. Bó bá ti mọ́ jù, ó ti kú.

Kí ló tún kù tí n kò mọ̀ níbẹ̀? Ìkòkò aró kì í mọ́. Bí ọmọdé bá lọ fọ ìkòkò aró nílé wa, igbe ni wọ́n á fi bọnu. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ń mú kí ewé ẹ̀lú tuntun hó kó sì mú aṣọ. Ìyá mi máa ń tẹ́tí sí ìkòkò rẹ̀ láràárọ̀ kó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bóyá ó sùn dáadáa. Ohun tí mo mọ̀ nílé ni mo gbàgbé lájò, nítorí pé garawa ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe amọ̀.

Ní gbogbo Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ìyá mi máa ń lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji Onípáànù ní Bẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni fóònù wà. Mo máa pè, á gbà á.

“Ará London! Ṣé ò ń gbọ́ mi?” Ó gbà pé bí London ṣe jìnnà tó ni èèyàn gbọ́dọ̀ pariwo tó.

“Mò ń gbọ́ yín, Ìyá. Ẹ kú ilé. Ṣé òjò ti ń rọ̀?”

“Ìwọ kì í béèrè ara èèyàn kó o tó béèrè òjò? Ara mi le.”

“Odò ńkọ́?”

“Odò wà níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Èmi náà wà níbi tí Ọlọ́run fi mí sí.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gòkè lọ bá Àǹtí Rábíà.”

“Ìkòkò mi ńkọ́? Ìkòkò aró kì í ṣí kiri bí aláàárù. Jẹ́ ká sọ nǹkan mìíràn. Ṣé o ti ń jẹun?”

Á wá ṣàdúrà fún mi, àdúrà gígùn tó máa ń mú kí Alhaji Onípáànù wúkọ́. Kò jẹ́ gbé fóònù sílẹ̀ láìṣàdúrà. Bí iṣẹ́ bá fẹ́ pa mí láàárín oṣù, àdúrà yẹn ni mo máa ń dì mú.

Bàbá Ẹlẹ́ja ra ẹja mìíràn, ó sì ní àfi ká tún garawa yẹn ṣe. Ìdọ̀tí ń tètè dí i, torí àpótí náà tóbi ju ohun tí wọ́n ṣe garawa fún lọ. Ó fẹ́ ká fi garawa kékeré kan ṣáájú ẹ̀ tí á máa gba ìdọ̀tí ńláńlá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun ní èrò, èmi ní ọwọ́. A wá garawa ọ̀dà tó ní ìdérí, mo fọ̀ ọ́, mo lu ihò sí i, mo ki rọ́bà bọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ dán an wò, ìdérí kò dì, omi bo gbogbo kápẹ́ẹ̀tì. Àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀, à ń fi táwẹ́ẹ̀lì gbá omi. Mo ní, “Sà, ìyá mi ni mò ń sọ fún pé kó sá fún omi! Èmi ló yẹ kí n kúrò létí odò.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni mo gé yí ẹnu garawa náà ká kí ó tó dì.

Síbẹ̀ omi kò mọ́. Mo tú u, mo wò ó, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ ni omi ń gbà kọjá, kò wọnú fóòmù rárá. Ọ̀lẹ ni omi, ọ̀nà tó bá rọrùn ló ń tọ̀. Nílé wa, bí a bá fẹ́ sẹ́ omi eérú tí a fi ń po aró, a máa ń to ìkòkò méjì léra, a ó lu ìdí ti òkè, a ó di eérú sínú rẹ̀, a ó da omi lé e kó máa kán sísàlẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn di eérú náà. Etí ìkòkò ló máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ yíká, kí omi má bàa rí ibi yọ́ gbà. Mo gé fóòmù tuntun kí ó tóbi ju garawa lọ díẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ etí rẹ̀ wọlé yíká. Omi mọ́. Bàbá Ẹlẹ́ja ní òun náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òun ni kò gbọ́ràn mọ́.

Omi London le, ẹfun rẹ̀ máa ń dì sínú kẹ́tùlù. Ẹja wa kò fẹ́ràn rẹ̀. A wá rọ ilẹ̀dú gbígbẹ, irú èyí tí wọ́n ń wà nínú irà, sínú sítọ́kìn, a fi í sínú garawa. Kò pẹ́ tí omi pọ́n bí omi odò inú igbó. Ṣé ẹ rí i, àwọn kéékèèké tó lósùn níkùn yẹn wọ inú àpáàdì ìkòkò òdòdó tí mo fi síbẹ̀, wọ́n yé ẹyin, wọ́n bímọ. Bàbá Ẹlẹ́ja ké pè mí láti pálọ̀ bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ. Mo wo àwọn ọmọ ẹja náà bí wọ́n ti ń tọ ìyá wọn lẹ́yìn. Ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí London, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, n kò ní purọ́.

Ó ra àpótí kékeré fún àwọn ọmọ náà, pẹ̀lú garawa asẹ́ tuntun. Ó ní bí a bá fi garawa tó mọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ á kú. Ó ní kí n mú fóòmù àtijọ́, kí n fún omi dúdú ara rẹ̀ sínú tuntun. Ìwọ̀nba díẹ̀ ti tó, á bí sí i. Mo fún un, omi tuntun dàrú, ó sì tòrò. Àwọn ọmọ náà yè. Bí mo ti dúró níbẹ̀ tí ọwọ́ mi ń kán omi ìdọ̀tí sílẹ̀, Màpó ni mò ń rò.

Ní Sunday wa tó tẹ̀ lé e, n kò jẹ́ kó béèrè bóyá mo ti jẹun.

“Ìyá, mo ti rí ọ̀nà ìkòkò yín. Ẹ bu díẹ̀ nínú omi aró sínú kéègì, tòun ti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí Màpó, ẹ dà á sínú ìkòkò tuntun. Á hó.”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tó ń sọ ọ́ fún Alhaji: “Ẹ gbọ́ ohun tọ́mọ mi ń wí. Ó fẹ́ kọ́ mi láró.” Ó padà sídìí fóònù. “Ìyẹn tó wà nílẹ̀ yìí, ṣé o mọ ibi tó ti wá? Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni, nílé ìyá mi. Mo gbé omi rẹ̀ dání nínú akèrègbè lọ́jọ́ tí mo wá sílé ọkọ. O lè láṣọ tó mi, o ò lè ní àkísà tó mi.”

“Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀! Kí ló wá dé tẹ́ ẹ ò lọ?”

Mo gbọ́ ariwo ọkọ̀ Bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ páànù tí wọ́n ń jù sílẹ̀.

“Yàrá ẹ ni,” ó ní. “Bí mo bá gòkè lọ, ta ló máa máa ṣí i fún atẹ́gùn? Yàrá kan péré ló ṣófo lọ́dọ̀ Rábíà. Lọ́jọ́ tó o bá dé, ibo lo máa gbẹ́rù ẹ sí? Ojoojúmọ́ ni mò ń gbá a.”

Ojú mi ṣí wàyí. Ìkòkò kọ́ ló dá a dúró, èmi ni. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń retí mi, kò ní kúrò níbẹ̀, odò á sì wá bá a níbi tó ti ń gbá yàrá. Ó ku díẹ̀ kí òjò bẹ̀rẹ̀. Mo wí i.

“Ìyá, ẹ má dá yàrá yẹn sí fún mi mọ́. Mi ò ní padà wá gbé Kúdẹtì.”

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Títí di òní, n kò mọ̀. Mo mọ̀ pé òun lọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè gbé e nídìí.

“O ní o ò ní padà wá?”

“Ẹ máa lọ sí Màpó, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ó dáa,” ó ní. “Mo gbọ́.”

Ó gbé fóònù fún Alhaji. Kò ṣàdúrà fún mi.

Ó kó lọ kí oṣù tó parí. Àǹtí Rábíà ló fi ayọ̀ ròyìn rẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló gbé kéègì aró náà gòkè, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á. Wọ́n ra ìkòkò tuntun lọ́jà'ba, wọ́n po ẹ̀lú, wọ́n da ti àtijọ́ lé e. “Aró gbà o!” Àǹtí Rábíà ń pariwo. “Ó ń hó kùù! Gbogbo àdúgbò ló ń gbóòórùn wa!” Mo jó nínú yàrá mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣẹ́gun odò.

Òjò kò rọ̀ dáadáa lọ́dún náà. Odò Kúdẹtì kò gun àkàsọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ará àdúgbò ìsàlẹ̀ ń fi ìyá mi ṣẹ̀fẹ̀ bó bá kọjá: “Ìyá Aláró, omi tẹ́ ẹ sá fún ò mà wá o.” Nígbà tó yá kò kọjá mọ́. Àǹtí Rábíà ní ìkòkò ń hó, ṣùgbọ́n kò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó jókòó ti ojú fèrèsé tó kọjú sísàlẹ̀, ó ń wo páànù ilé Kúdẹtì láàárín egbèje páànù, ó sì lè na ọwọ́ sí tirẹ̀ gan-an. Kò wá sídìí fóònù mọ́. Wọ́n ní òkè Màpó ń mú un léékún. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ó rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìgbà náà, ọ̀rẹ́ Bàbá Ẹlẹ́ja kan tó fẹ́ kó lọ fún un ní ẹja ńlá kan tó ti ń sìn tipẹ́. Bàbá Ẹlẹ́ja kò da ẹja náà sínú àpótí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní kí n so rọ́bà tín-ín-rín kan ní kókó, kí omi tuntun máa kán sínú garawa tí ẹja wà, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, títí ọjọ́ fi kanrí. Mo ní ṣebí nígbà tí a ṣí àwọn ohun tín-ín-tìn-ìn-tín inú fóòmù, a kò ṣe gbogbo wàhálà yìí.

“Àwọn yẹn, ṣí wọn bó o ṣe fẹ́,” ó ní. “Ìdọ̀tí ni ilé wọn, wọ́n gbé ilé wọn dání. Ẹja àgbà ni kò dára láti ṣí.”

A ṣe sùúrù, a ṣe é bó ti yẹ. Ẹja náà wọnú àpótí, ó lọ dúró sígun kan, kò jẹun. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó kú. Omi mọ́ o. Garawa ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Kò sí ohun tó ṣe é.

Ní ọyẹ́, mo pe Bẹẹrẹ ní Sunday wa. Àǹtí Rábíà ló gbé e.

“Ìyá ńkọ́?” mo ní.

“Jókòó,” ó ní. “Ṣé o ti jókòó?”

Wọ́n ti sin ín láti ọjọ́ Jímọ̀. Kò ṣàìsàn tó lórúkọ. Ikọ́ díẹ̀, oúnjẹ tí kò jẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo béèrè bóyá Màpó ni wọ́n sin ín sí.

“Kúdẹtì ni. Òun ló sọ bẹ́ẹ̀. Inú yàrá ẹ la sin ín sí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

“Ó ní níwọ̀n ìgbà tẹ́ni tó ni yàrá ti lóun ò bọ̀, kí wọ́n gbé òun síbẹ̀, kó má bàa ṣófo. Má sunkún mọ́, ọmọ mi. Á a! Má sunkún.”

Ní ọjọ́ kejì mo lọ síbi iṣẹ́, torí n kò mọ ibòmíràn tí èèyàn ń lọ. Ọjọ́ garawa ni. Mo kúnlẹ̀, mo ṣí ìdérí, òórùn ẹrẹ̀ Kúdẹtì jáde kún ojú mi. Mo ti orí bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo bú sígbe. Bàbá Ẹlẹ́ja gbọ́, ó wá, ó gbá ògiri mú, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú orókún tó ń dùn ún. Nígbà tí mo dákẹ́, ó bá mi di ẹ̀gbẹ́ garawa mú pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tó ń gbọ̀n, mo fún fóòmù lẹ́ẹ̀kan, mo fún un lẹ́ẹ̀mejì, mo dá a padà. Ohun tí ìyá mi ṣí yè. Ìyá mi ni kò yè.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni odò dé. Ó dé bí mo ti ń bẹ̀rù rẹ̀ látọjọ́ yìí, ó gbá gbogbo ilé alámọ̀ etí odò lọ pẹ̀lú àwọn tó wà nínú wọn. Ilé wa wó. Bí ìyá mi bá wà níbẹ̀, ì bá ti bá a lọ. Àwọn èèyàn fi ìyẹn tù mí nínú: wọ́n ní ṣé o rí i, ìwọ lo ṣàánú rẹ̀, ìwọ lo gbà á là. Mo máa ń mi orí. Ṣé mo gbà á là ni, àbí mo kàn mú un kú níbi gbígbẹ? Mo ti yí ìbéèrè yẹn po ju aró lọ, kò tíì hó.

Ó pẹ́ kí n tó lè wálé. Nígbà tí mo dé, òkè Màpó ni mo gbé ẹrù mi sí. Ìkòkò náà wà lẹ́yìnkùlé Àǹtí Rábíà, ó ń hó. Mo ká ọwọ́ aṣọ mi, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, mo fi í síbẹ̀ títí Àǹtí Rábíà fi ní ó tó.

Ó mú mi sọ̀kalẹ̀ lọ sí Kúdẹtì ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ògiri, kò sí páànù, koríko ti hù níbi tí ilé ìdáná wà. Odò wà nísàlẹ̀, ó kéré, ó ń ṣàn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù nínú gbogbo ilé náà: símẹ́ǹtì tí wọ́n fi bo ojú oórì rẹ̀. Amọ̀ ni gbogbo ìyókù. Omi gba orí rẹ̀ kọjá, kò lè mì ín.

Àǹtí Rábíà dúró níbi kan nínú koríko, ó bọ́ bàtà rẹ̀. Mo wo ilẹ̀ náà, mo sì dá a mọ̀. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ni. Èmi náà bọ́ bàtà mi. Ọwọ́ mi dúdú, ó ṣì ń kán.

Mo ní, “Ẹ kúulé o, Ìyá.”